Gbèsè dé, ilé ńkọ́?

Adìyẹ ẹlẹ́yin 800 ni mo ń sìn ní Ìkẹ́rẹ́, ní apá Òkè Olósùnta, kí fíìdì tó di ọ̀wọ́n gógó. Mo fi ìwé ilé dógò ní báńkì kan, mo yá owó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹni tó ń kó fíìdì wá fún mi náà ń retí tirẹ̀. Ilé uyì, ilé ẹ̀yẹ là ń pe Èkìtì. Ojú ń ti ajigbèsè níbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ki lẹ́tà báńkì bọ abẹ́ ibùsùn láìtú u. Díẹ̀ ló kù kí ìyẹn gba ilé lọ́wọ́ mi.

Ẹ kọ́kọ́ tú gbogbo lẹ́tà yín. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ jẹ lówó sínú ìwé, iye tó kù, àti ohun tí ẹ fi dógò fún un. Ibi ìdógò yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Rúlà ni mo fi ń ka ìwé àdéhùn tèmi, ìlà kan lẹ́yìn èkejì. Tó bá jẹ́ ojúlówó ìwé ìdógò lẹ fọwọ́ sí, tí gómìnà sì buwọ́ lù ú bí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ṣe wí, báńkì lè ta ilé náà lẹ́yìn tó bá ti fún yín níwèé ìkìlọ̀, láìdé kóòtù rárá. Bó bá ṣe pé ẹ kàn kó ìwé ilé fún wọn ni, adájọ́ ni wọ́n sábà máa ń lọ bá ná. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà bá yín wò ó. Owó rẹ̀ kì í ṣòfò.

Ilẹ̀ ẹbí bàbá mi ni ilé adìyẹ wà. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá ilẹ̀ ẹbí fi dógò láìsí ọwọ́ olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdí kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀ lórí ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n yára yí ilé sí orúkọ òun. Mo ti fẹ́ gbà. Ẹ̀rín ni lọ́yà mi ní Adó fi dáhùn: adájọ́ lè fagi lé irú ìwé òru bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì máa fojú oníjìbìtì wò mí. Ká sòótọ́, ẹ̀gbọ́n mi náà jẹ gbèsè tirẹ̀.

Oní-fíìdì mú ọlọ́pàá wá. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 kò fàyè gbà á kí wọ́n mú ènìyàn nítorí gbèsè lásán. Òṣómàáló ayé àtijọ́ á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí owó á fi jáde, ṣùgbọ́n kò gbébọn dání. Ẹ má ṣá fi sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí tù wọ́n lójú o. Ọ̀ràn ọ̀daràn nìyẹn.

Bí ẹni tí ẹ jẹ lówó bá gba ìdájọ́ ní kóòtù, ẹrù ni béélífù, òṣìṣẹ́ kóòtù, ń kọ́kọ́ kó. Kó tó kan ilé, ó gbọ́dọ̀ tún gbàṣẹ lọ́wọ́ adájọ́. Ẹ lọ sí kóòtù lọ́jọ́ náà, kí ẹ bẹ̀bẹ̀ láti máa san díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sì gbówó sá lọ sí báńkì mìíràn: láti 2020, BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín ní báńkì, lè tú yín fó, kí báńkì tó yá yín lówó yọ gbèsè rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti kí kóòtù kéde pé gbèsè ti borí yín, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ló ń ṣe é, ó wà ní Adó. Ẹni tí wọ́n bá yàn sídìí rẹ̀ á gba ohun ìní yín, á pín in fún àwọn tí ẹ jẹ lówó. Ìwọ̀nba irinṣẹ́, aṣọ àti ibùsùn ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Kò sì gba ilé tó wà ní ìdógò lọ́wọ́ báńkì! Ẹ ò tún ní lè dupò aṣòfin títí kóòtù á fi tú yín sílẹ̀. "Màmá, ìyẹn ló kẹ́yìn gbogbo rẹ̀," lọ́yà wí.

Mo gbé ìwé tí mo ń kọ iye kéréètì ẹyin sí lọ bá ọ̀gá báńkì. Mo ta ìdajì adìyẹ, mo san díẹ̀, wọ́n sì sún ìyókù sí oṣù 18. Orí fóònù ló ti kọ́kọ́ gbà. Mo ní rárá, lẹ́tà ni mo fẹ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá san tán, ẹ gba ìwé ilé, ẹ sì gba ìwé ìtúsílẹ̀ ìdógò, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ kí wọ́n pa orúkọ báńkì rẹ́. Oṣù mẹ́rin ni tèmi gbà kó tó jáde.