Bí ẹ bá fẹ́ ká bá yín yẹ fọ́tò wò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp fún àyẹ̀wò, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, WhatsApp á fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, a ò sì ní mọ̀ bóyá ọwọ́ yín ló gbọ̀n tàbí WhatsApp ló bà á jẹ́.

Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ká wò pẹ̀lú. “Ẹ wo iṣẹ́ mi” kò tó. “Ṣé ojú ìyàwó kò ṣókùnkùn jù?” la lè dáhùn. Èyí ló sì pọ̀ jù, pàápàá bí onítọ̀hún bá wọ léèsì funfun: kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ẹni dúdú á wá ṣú dùdù. Bó bá jẹ́ fóònù, ẹ fọwọ́ tẹ ibi tí ojú rẹ̀ wà kí ẹ tó yà á. Bó bá jẹ́ kámẹ́rà, ẹ sún exposure compensation (ibi tí a ti ń fi kún ìmọ́lẹ̀ fọ́tò tàbí dín in kù) sí +1, àmọ́ ẹ ṣọ́ ọ kí iṣẹ́ ara léèsì má baà pòórá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáhùn, “ó rẹwà” dùn létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ kúlà ẹ̀yìn ìyàwó ni ojú yín kọ́kọ́ bà lé, ẹ sọ fún ẹni tó ya fọ́tò náà.