Ẹ má tíì ya ojú: bí a ṣe ń ya àwòrán bíi ti kàtúùnù àtijọ́

Ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán bíi ti anime àtijọ́, ìyẹn kàtúùnù àwọn ará Jàpáàn, ojú ló máa ń kọ́kọ́ yà. Mo ti jókòó ti ọmọdé, mo ti jókòó ti àgbàlagbà, bákan náà ni gbogbo wọn. Wọ́n á ya ojú ọ̀tún, á máa dán yanran, wọ́n á fi wákàtí kan gbáko kùn ún. Ìgbà tí wọ́n bá wá kan ti òsì, àyè ò sí mọ́, tàbí kí ó tóbi ju èkejì lọ, tàbí kí ọ̀kan máa wo ilé kí èkejì máa wo oko. Orí tí wọ́n bá wá fi yí i ká á rí bí iṣu tí ọkọ́ bá. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí, kí ẹ̀yin náà sì ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ohun èlò ò pọ̀. Ẹ wá pẹ́ńsùlù HB kan, pẹ́ńsùlù aláwọ̀ búlúù kan láti inú páálí tí wọ́n ń rà fún ọmọ ilé-ìwé, báírò dúdú, kílínà, àti bébà tí kò nílà. Ẹ má ra 2B, ó rọ̀ jù. Ọwọ́ ló máa ń dọ̀tí, ọwọ́ náà á sì dọ̀tí bébà. Bébà tí wọ́n ti tẹ nǹkan sí lójú kan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì mọ́, lèmi ń lò, torí ẹni tó bá na owó sórí bébà, ẹ̀rù á máa bà á láti bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bébà bíbàjẹ́ la fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Abẹ ni kí ẹ fi gbẹ́ pẹ́ńsùlù. Ṣápínà olówó pọ́ọ́kú á jẹ ìdajì pẹ́ńsùlù yín kó tó mú ẹnu kan jáde.

Pẹ́ńsùlù búlúù yẹn nídìí. Àwọn ayàwòrán kàtúùnù máa ń fi í ya ìpìlẹ̀, torí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn. Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì dúdú náà sábà máa ń fò ó. Ẹ fi búlúù ya ìpìlẹ̀ láìtẹ ọwọ́ mọ́ ọn, ẹ fi báírò gba orí rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ìlà dúdú nìkan ló máa bá yín délé, kílínà ò sì ní ya bébà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ gbé àwòrán tí ẹ fẹ́ fara wé kalẹ̀, kí ẹ máa wá ibi tí wọ́n ti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ìṣẹ́jú àáyá kan nínú fíìmù, férémù 24 ni, ìyẹn àwòrán 24. Ẹni tó bá ní òun á fọwọ́ ya gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ti bá a. Ìdí nìyẹn tí Mickey Mouse fi ní ìka mẹ́rin lọ́wọ́ kan. Nígbà tó jáde ní 1928, ọwọ́ rẹ̀ dúdú bí ara rẹ̀. Tó bá gbé ọwọ́ sáyà, ọwọ́ ti rá mọ́ àyà nìyẹn. Ní 1929 ni wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ funfun fún un. Kọ́là àti táì ọrùn Yogi Bear, béárì inú kàtúùnù, náà, ẹ má rò pé oge ló ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ Hanna-Barbera tó ṣe é fẹ́ kí orí máa mì kí ara dúró jẹ́ẹ́, kí wọ́n má baà máa ya ara ní àtúnyà. Kọ́là yẹn ló bo ibi tí wọ́n ti so orí pọ̀ mọ́ ọrùn.

Lọ́dọ̀ àwọn ará Jàpáàn, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Astro Boy, kàtúùnù ọmọkùnrin kan tí Tezuka Osamu ṣe, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1963, ó sì gbọ́dọ̀ máa jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n á ya ojú kan, wọ́n á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnu nìkan lá máa mì. Àwòrán tí wọ́n bá lò lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ de ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ṣóńṣó irun méjì tó wà lórí ọmọ náà, ibi yòówù kó kọjú sí, méjèèjì lẹ máa rí, bí etí Mickey náà ṣe máa ń jẹ́ róbótó láti ibi gbogbo. Toriyama Akira tó ya Dragon Ball fẹnu ara rẹ̀ sọ pé irun Goku, akọni inú rẹ̀, tí òun sọ di funfun nínú ìwé nígbà tí agbára rẹ̀ bá ru sókè, kí olùrànlọ́wọ́ òun má baà máa fi gbogbo ọjọ́ kùn ún dúdú ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí imú jẹ́ ìlà kékeré kan, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi ihò imú méjì, iṣan ọrùn àti ogójì fọ́nrán irun kún un ti bà á jẹ́.

Ó yá, orí. Ẹ fi búlúù ya róbótó kan. Apá ni kí ẹ mì láti èjìká, kì í ṣe ọrùn ọwọ́. Ẹ máa yí i lófuurufú lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnu pẹ́ńsùlù tó balẹ̀. Bí kò bá rọ́nà, ìdí agolo mílíìkì wà ńbẹ̀, mi ò ní sọ fẹ́nikẹ́ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ fa ìlà kan sọ̀kalẹ̀ láàárín ojú, àti ọ̀kan tó gba ibẹ̀ kọjá ní ìbú.

Ìlà méjì yìí kì í tọ́ gbọnrangandan. Ẹ lọ mú ọsàn kan, ẹ fi báírò ya àgbélébùú yí i ká, kí ẹ gbé e sókè ní iwájú ojú yín, kí ẹ máa yí i. Ẹ ó rí i pé bí ọsàn ṣe ń yí sọ́tùn-ún ni ìlà náà ń tẹ̀ bí ọrun, tó bá sì wo ilẹ̀, ti ìbú á rọ̀ sísàlẹ̀. Ohun tí orí máa ń ṣe náà nìyẹn. Ọsàn tèmi máa ń wà lórí tábìlì títí yóò fi gbẹ. Àgbọ̀n rọrùn: ẹ̀rẹ̀kẹ́ róbótó fún ti 1960 sí 1970, àgbọ̀n ṣóńṣó fún ti 1980 síwájú.

Ojú wá kàn. Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo gíga rẹ̀. Ojú kì í sí ní iwájú orí. Ìlà ìbú yẹn gbọ́dọ̀ wà ní ìdajì orí, kódà kó rẹlẹ̀ sí i fún ọmọdé, torí orí ṣì ń bẹ lábẹ́ irun. Ohun tó ń mú kí àwòrán ọ̀pọ̀ èèyàn dà bí ẹni tí wọ́n gé àtàrí rẹ̀ nìyẹn: wọ́n ti gbé ojú gun òkè, ìgbà tí irun dé, kò bá àyè. Àárín ojú méjèèjì, kí ojú kan lè wọ̀ ọ́. Bí orí bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú tó jìnnà á tẹ́ẹ́rẹ́ ju èyí tó sún mọ́ wa.

Lẹ́yìn náà, ẹ má parí ojú kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ìlà kan lọ́tùn-ún, ìlà kan lósì. Ìpéǹpéjú òkè ọ̀tún, ti òsì. Ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ọ̀tún, ti òsì. Kí ẹyinjú tó wọlé, kí ilé méjèèjì ti dúró. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín láti kun èyí tó ti dára. Ẹ fi ọwọ́ sápò.

Òkè ìpéǹpéjú ni kó nípọn, kí ìsàlẹ̀ fẹ́lẹ́, kó tilẹ̀ má parí. Dúdú ojú gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ìpéǹpéjú òkè díẹ̀. Bí funfun bá yí i ká lókè nílẹ̀, ẹ ti ya ẹni tó rí ejò. Bí ejò lẹ fẹ́ kó rí, ó dára.

Ibi tó ń pa èèyàn jù ni ìmọ́lẹ̀ kékeré inú ojú, ìyẹn funfun tó ń dán nínú dúdú. Tezuka dàgbà ní Takarazuka, ìlú tí ẹgbẹ́ òṣèré kan wà tó jẹ́ obìnrin nìkan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n máa ń kun ojú wọn rẹpẹtẹ lábẹ́ iná orí ìtàgé. Ó fẹ́ràn kàtúùnù Disney náà. Ojú ńlá tó ń dán ò ṣàjèjì sí i. Ẹ wò ó dáadáa: ìmọ́lẹ̀ yẹn, fèrèsé tàbí iná kan ló wà ní iwájú ẹni náà, tó wá hàn nínú ojú rẹ̀. Iná kan ṣoṣo ni. Tó bá wà ní òkè apá òsì nínú ojú kan, òkè apá òsì náà ló máa wà nínú èkejì. Àwọn èèyàn máa ń fi ọ̀kan sí òsì, ọ̀kan sí ọ̀tún, bí ẹni pé dígí wà láàárín imú.

Èmi náà ti ṣe é rí. Mo ya káàdì ọjọ́ ìbí fún ọmọ aládùúgbò mi, ọmọbìnrin onírun gígùn bíi ti anime ọdún 1990, mo fi òru méjì sí i. Ìyá ọmọ gbà á, ó wò ó, ó tún wò ó. Ó ní, “Bọ̀dá, ó rẹwà o. Àmọ́, ṣé ara rẹ̀ yá?” Ìmọ́lẹ̀ ojú ló kọ ẹ̀yìn síra wọn.

Funfun yẹn, àyè ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù yí i, kí ẹ kun dúdú yí i ká. Tipp-Ex tí ẹ bá kán sí i lẹ́yìn á wú bí eéwo. Kí ẹ tó fi báírò kàn án, ẹ yí bébà sẹ́yìn, kí ẹ gbé e sójú fèrèsé ní ọ̀sán. Àwòrán náà á kọjú sí òdìkejì, gbogbo ibi tó wọ́ lá sì hàn kedere. Mi ò tíì rí àwòrán tèmi kankan tí kò wọ́ nígbà àkọ́kọ́.

Báírò ò ní wàhálà. Ìlà kan, ẹ̀ẹ̀kan. Ìlà tí a fi ẹ̀rù fà ní ìgbà mẹ́wàá máa ń hurun bí ìdin igi. Bébà ni kí ẹ yí sí ibi tí ọwọ́ bá fẹ́ lọ. Ìlà ìta kó nípọn ju ti inú lọ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kí kílínà tó dé ibẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀ bíi ti tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń di ìwé, kí ẹ ra ike tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń bo iwájú ìwé. Orí irú ike bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ya kàtúùnù sí kó tó di pé kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ náà. Ẹ gbé e lé orí àwòrán yín, ẹ fi máàkì tí kì í ṣí fa ìlà sí iwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti kùn ún, kí ojú bọ́rọ́ọ̀ṣì má baà hàn, kí ọ̀dà má sì bo ìlà. Ọ̀dà àkírílíìkì ló dára. Mo ti lo ọ̀dà ògiri tó ṣẹ́ kù rí, ó ń bó lára ike bí èèpo ẹ̀pà.

Ẹ rántí pé ẹ̀yìn lẹ wà. Ohun tí ẹ bá kọ́kọ́ kùn ló máa wà lókè nígbà tí ẹ bá yí i padà. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ ojú ni kó ṣáájú, ẹ̀kán funfun méjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ, kí dúdú tó bò wọ́n, kí àwọ̀ ara tó tẹ̀ lé e. Tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, ẹ yí i, ẹ gbé e lé orí bébà aláwọ̀ ojú ọ̀run, kí ẹ wo ẹ̀kán méjèèjì bóyá apá kan náà ni wọ́n wà.