Ike ọrùn ajá ni wọ́n so mọ́ ológbò mi: ìrírí mi nígbà tí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ n'Íbàdàn

Iye tí wọ́n pè fún mi lórí fóònù, owó iṣẹ́ abẹ nìkan ni. Wọn ò ka abẹ́rẹ́ oorun mọ́ ọn, wọn ò ka omi tí wọ́n fà sí i lára, wọn ò ka oògùn ìrora. Ìgbà tí ìwé owó jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bóyá ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn lẹ ń lọ tàbí ti aládàáni, ẹ ní kí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó gbé ẹran jáde nílé.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá owó á lé sí i tó bá ń wá akọ lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ nílé ọmọ nígbà yẹn, iṣẹ́ a sì pẹ́. Ó sàn kó kọjá ná, ṣùgbọ́n ẹ tì í mọ́lé. Akọ àdúgbò kì í gbàṣẹ. Ìgbà tó bá tó bí ọmọ oṣù 5 ló dáa jù láti ṣe é.

Ti ebi alẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ kò le: àgbà ológbò kì í jẹun mọ́ láti aago 10 alẹ́, omi lè wà títí di àárọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 4, ẹ má fi ebi pa á pẹ́, ṣúgà ara rẹ̀ á wálẹ̀. Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ojú ọgbẹ́ kéré, ó sì mọ́.

Ike ọrùn ló bí mi nínú, èyí tó rí bí àrọ tí wọ́n ń so mọ́ ẹran kó má baà lá ọgbẹ́. Ti ajá nìkan ni wọ́n ní. Wọ́n gbowó ẹ̀, wọ́n so ó, wọ́n ní kò burú. Kò burú kẹ̀! Ó gùn débi pé ẹnu ológbò ò kan abọ́, ọrùn ike sì fẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ iwájú ló fi ń tì í bọ́. Tó bá ti bọ́ báyìí, ọgbẹ́ ló kàn. Ahọ́n ológbò kún fún ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó kọjú sẹ́yìn. Òwú ọ̀rá tí wọ́n fi rán awọ ò lè bá a jà pẹ́. Ó fà á já, awọ là, wọ́n tún un rán, wọ́n sì tún gbowó.

Ike tó bá a mu, ìka méjì ni kó lè wọ àárín òun àti ọrùn, kí etí rẹ̀ sì kọjá imú díẹ̀ péré. Ẹ wọ̀n ọ́n lójú wọn kí ẹ tó sanwó. Èyí tó tún dáa ju ike lọ: ẹ ní kí wọ́n fi òwú tó ń yòrò rán an sábẹ́ awọ. Ahọ́n ò ní rí nǹkan fà.

Apá súwẹ́tà okirika ni mo fi yanjú ẹ̀ nígbẹ̀yìn, iṣẹ́ ọwọ́ mi náà sì dáa! Mo gé e láti ọrùn dé ìdí ìrù, mo lu ihò mẹ́rin fún ẹsẹ̀, mo sì gé abẹ́ ìrù kúrò kó lè tọ̀. Méjì ni kí ẹ ṣe. Tí ọ̀kan bá rin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ máa ká a sókè wo ọgbẹ́ láàárọ̀ lálẹ́. Pupa díẹ̀ kò burú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kán, ọyún, òórùn, tàbí èrìgì tó funfun, ẹ gbé e lọ kíá. Bí ẹ bá rí ìfun, ẹ fi aṣọ mímọ́ tó rin bò ó kí ẹ tó gbéra.

Ẹ má fún un ní párásítámọ́ọ̀lù rárá, ó ń pa ológbò. Ẹ má fi Dettol nu ojú ọgbẹ́ náà. Ìwé ìròyìn gígé ni kí ẹ fi rọ́pò iyanrìn ìgbẹ́ rẹ̀ títí wọ́n á fi tú òwú, láàárín ọjọ́ 10 sí 14.