Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá ọ̀rá ara yín ti pọ̀ jù, àti bẹ́ ẹ ṣe máa dín in kù

Ẹ kọ́kọ́ wá téèpù télọ̀ ná. Tẹ́ ẹ bá dé Tẹ̀júoṣó ẹ máa rí i rà, kò wọ́n rárá, ó sì wúlò ju sikéèlì lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí torí sikéèlì kàn máa sọ bẹ́ ẹ ṣe wúwo tó ni, kò mọ ibi tí ọ̀rá wà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Kò sí ẹni tí kò nílò ọ̀rá o. Obìnrin nílò ẹ̀ ju ọkùnrin lọ, tó bá kéré jù lára ẹ̀, nǹkan oṣù ẹ̀ lè dúró. Nínú ìṣirò kan tí wọ́n ń lò gan-an ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin tí ọ̀rá kó 18 sí 24 nínú 100 ìwọ̀n ara ẹ̀ ṣì wà dáadáa, ti obìnrin jẹ́ 25 sí 31. Àwọn sikéèlì oníná tó ń sọ iye yìí, omi ara máa ń dà á rú, torí náà àárọ̀ kẹ́ ẹ tó jẹun ni kẹ́ ẹ máa gùn ún.

Ọ̀rá itan àti ìdí kì í fa wàhálà tó ti inú ikùn, èyí tó rọ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀ àti ìfun. Ìyẹn ló ń bá ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn rìn. Ó ń dùn mí tí wọ́n bá rí ọ̀gá tíkùn ẹ̀ yọ síta l'Ékòó tí wọ́n ní owó ti wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyí: ẹ bọ́ ẹ̀wù, ẹ fọwọ́ wá eegun ìhà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀, ẹ wá orí eegun ìbàdí, àárín méjèèjì ni kẹ́ ẹ gbé téèpù yí ká. Ẹ mí síta bẹ́ ẹ ṣe máa ń mí, ẹ má fa ikùn wọlé, ẹ má sì fún téèpù pa. Kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ ń de bẹ́líìtì mọ́ o, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń dè é sábẹ́ ikùn, wọ́n á ní ṣòkòtò 34 làwọn ń wọ̀, kẹ́ ẹ wọn ikùn fúnra ẹ̀ kó lé ní 40. Ínṣì 37 fún ọkùnrin, 31 àtààbọ̀ fún obìnrin, tó bá ti kọjá ibẹ̀ kẹ́ ẹ tètè wá nǹkan ṣe. Tó bá lé ní 40 fún ọkùnrin tàbí 35 fún obìnrin, ẹ lọ yẹ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru wò.

Ká wá sọ ti oúnjẹ. Ẹni tó ń ti Agége lọ sí Island, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ò jẹ́ kó délé títí aago mẹ́wàá alẹ́, ebi á ti pa á débi tó máa fi gbé ẹ̀bà ńlá méjì mì kó tó sùn. Ẹ wá nǹkan jẹ nírọ̀lẹ́, bí ẹ̀pà tàbí ẹyin sísè, kẹ́ ẹ wá dín ẹ̀bà kù sí kékeré kan, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ ṣọ́ òróró gan-an, ṣíbí ìjẹun kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kálórì 120 (kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára inú oúnjẹ), ìyẹn sì ni ọbẹ̀ tí òróró ń léfòó lójú ẹ̀ ń fún wa láìmọ̀. Mínírà àti mọ́ọ̀tì, ẹ jẹ́ kó di ti òde àríyá nìkan.

Ẹ máa rìn kánkán, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ẹ lè sọ̀ nínú dánfó kẹ́ ẹ tó dé bọ́sítọ́ọ̀pù yín. Sit-up (kéèyàn dùbúlẹ̀ kó máa gbé àyà dìde) nìkan ò lè yọ ọ̀rá ikùn, àwọn tíì tó ń múni ṣe ìgbẹ́ gbuuru sì ń fa omi jáde lára lásán ni. Tẹ́ ẹ bá ń dín ìdajì kílò sí kílò kan kù lọ́sẹ̀, ó ti tó, ẹni tó wúwo ní kílò 100 tó bá yọ 5 sí 10 péré, ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ lè wálẹ̀ dáadáa.

Aláboyún ò gbọ́dọ̀ dín oúnjẹ kù fúnra ẹ̀, ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀, torí ṣúgà ẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì.