Ẹ Yé Fi Owó Ìrànwọ́ Gbé Afẹ́fẹ́: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Kọ̀ntẹ́nà

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Bí ilẹ̀ bá ti mì tàbí tí omi bá ti ya wọ ìlú, àwọn ẹni tuntun á dìde tinútinú, wọ́n á kówó jọ, owó náà á sì ṣòfò lójú wa. Inú máa ń bí mi, torí ẹni tí omi gbé ilé rẹ̀ lọ ni ìyà rẹ̀ ń jẹ.

1. Ẹ má gba kọ̀ntẹ́nà fíìtì 40 fún ẹrù wúwo. Àyè inú rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti fíìtì 20, ìyẹn bíi mítà kúbíìkì 67 sí 33. Àmọ́ tẹrùtẹrù, kílò 30,480 ni òdiwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún méjèèjì. Tí ẹ bá kó omi tàbí sìmẹ́ńtì sí fíìtì 40, ìwọ̀n á ti pé kó tó kún dé ìdajì, ẹ sì ti sanwó afẹ́fẹ́ tó kù. Àgọ́ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì ló yẹ fíìtì 40.

2. Ẹ má fojú díwọ̀n. Láti July 1, 2016 ni SOLAS, òfin àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, ti sọ pé kọ̀ntẹ́nà tí a kò bá fi ìwọ̀n rẹ̀ tòótọ́ ránṣẹ́ kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òkun.

3. Omi inú ike ń kọ́? Lítà 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ ni Sphere, ìwé ìlànà àgbáyé fún iṣẹ́ ìrànwọ́, fi ṣe òdiwọ̀n tó kéré jù fún mímu àti ìmọ́tótó. Lítà 21,000 tí ẹ fi fíìtì 20 kan gbé, ohun tí ènìyàn 1,400 máa lò lọ́jọ́ kan péré ni. Ẹ fi ẹ̀rọ àti oògùn tí ń sọ omi di mímu ránṣẹ́.

Èyí tó ń dùn mí jù rèé: wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti èbúté tí wọ́n ti ń kó ẹrù, dípò kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti máa ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Háítì lóṣù January 2010, èbúté Port-au-Prince bàjẹ́, kéréènì ibẹ̀ wó sómi, pápákọ̀ òfurufú sì ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí bàálù ń bà sí. Bó ti wù kí ẹrù pọ̀ tó, kò wúlò níbẹ̀ tí kò bá rọ́nà wọlé. Ẹ béèrè lákọ̀ọ́kọ́: ṣé kéréènì wà? Ṣé afárá tó wà lójú ọ̀nà lè gbé ọkọ̀ àjàgbé?

Mo dúró lẹ́nu kọ̀ntẹ́nà kan rí tí kò ti sí fọ́ọ̀kílíìfù, ọwọ́ la fi ń já ẹrù. Àpò aṣọ ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà páálí bàtà, ẹsẹ̀ kan nínú páálí yìí, ìkejì nínú òmíràn. Oògùn omi tí àwọn nọ́ọ̀sì ń retí wà lẹ́yìn pátápátá, lára irin, torí òun ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọlé. Ilẹ̀ ṣú kí ọwọ́ wa tó tó o. Ìwé ẹrù náà ò sì sọ ju “onírúurú ẹrù ìrànwọ́” lọ! Ta ló kọ irú ìyẹn? Bí aṣọ́bodè bá rí i, wọ́n á dá a dúró, owó ìdúró á sì máa gorí ara wọn lójoojúmọ́. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ lò ni kí ẹ kó wọlé kẹ́yìn. Irú ẹrù kan ni kí ó wà nínú páálí kan. Ẹ lẹ àwọ̀ mọ́ ọn: pupa fún oúnjẹ, búlúù fún aṣọ àti ohun èlò ilé, àwọ̀ ewé fún ohun ìwòsàn.

Oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti ń sún mọ́ òpin, ẹ fi sílẹ̀. Ó kéré tán, WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, fẹ́ kó ṣẹ́ ku ọdún kan nígbà tó bá dé.

Pálẹ́ẹ̀tì onígi (pẹpẹ tí a ń to ẹrù lé) tí kò ní ISPM 15, òǹtẹ̀ tó ń fi hàn pé a ti pa kòkòrò inú igi náà, wọ́n lè dá a padà.

Ẹ má jẹ́ kí páálí fara kan òrùlé irin kọ̀ntẹ́nà ní tààrà, torí òòru ọ̀sán àti òtútù òru máa ń mú kí omi kán sílẹ̀ láti òkè.

Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ òkun, ẹ gba orúkọ ẹni tí yóò gba ẹrù lọ́hùn-ún, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun fẹ́ ẹ. Bí kò bá tíì fọwọ́ sí i, ẹ má dí kọ̀ntẹ́nà náà.