Ìrọ̀lẹ́ Kan ní Ilé Ọtí Tuntun

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ilé ọtí kan ní àárín ìlú ló ti ń wù mí láti lọ, ṣùgbọ́n mo ní sùúrù di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lópin ọ̀sẹ̀, ariwo èrò kì í jẹ́ kéèyàn mọ ilé ọtí tó dáa. Agogo 6 ìrọ̀lẹ́ ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi débẹ̀. Àga tímùtímù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ṣùgbọ́n iwájú kàǹtà ni mo ní ká jókòó sí, torí ọwọ́ agbọ́tí ni mo fẹ́ máa wò.

Bíà tó ń ti ẹnu ẹ̀rọ jáde ni mo béèrè, ife kékeré. Ìgò bíà kan náà ni gbogbo ilé ọtí ń ṣí. Ti ẹ̀rọ ló ń tú àṣírí ilé. Bí wọn ò bá máa fọ ọ̀pá tó ń gbé e wá, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ 2, bíà yẹn á máa kan lẹ́nu. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi omi tútù ṣan ife, ó tẹ ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jẹ́ kí bíà rọra gba ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó kún ló tó gbé e nàró, tí ìfófòó fi yọ sókè, ó nípọn, ó funfun. Mo mu ún, kò kan rárá. Ibi tí mo bá mu ún dé, ìfófòó á fi òrùka sílẹ̀ níbẹ̀. Ife tí ọ̀rá kò sí lára rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Àbúrò, o ṣeun gan-an." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kì í mu ọtí, tónììkì, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan tí kò ní ọtí nínú, ló gbà. Iná aláwọ̀ àlùkò kan wà lókè kàǹtà. Bí ife náà ṣe dé abẹ́ rẹ̀, omi inú rẹ̀ tàn búlúù! Ó yà á lẹ́nu. Mo ṣàlàyé pé kuiníní ni, egbòogi ibà tó korò yẹn. Ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ ló ń mú tónììkì korò, òun náà ló ń tàn lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀.

Ìpápánu wọn ló kù díẹ̀ káàtó. Ẹ̀pà oníyọ̀ dáa, iyọ̀ sì ń pa ìkorò bíà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ọ̀dùnkún díndín tí wọ́n gbé wá ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn. Wọn ò jiyàn, wọ́n din òmíràn, ó gbóná, ó ń ró kàkà lẹ́nu. Ó dùn mọ́ mi ju bíà gan-an lọ, torí ilé tuntun tó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ló lè tọ́jọ́.

Mo mu omi kí n tó gba ife kejì, mo sì fi wákàtí kan sáàárín méjèèjì. Nígbà tá a máa fi dìde, orin ti lọ sókè, àwọn kan sì ti ń dúró lẹ́yìn àga wa.