Ṣé òòyì ni àbí wárápá? Ìbéèrè láti Kétu

Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 8. Tó bá ń kàwé, á kàn dákẹ́ lójijì, á tẹjú mọ́ ibì kan. A pè é títí, kò dáhùn. Olùkọ́ rẹ̀ ní olóríkunkun ni. Ṣé ká bá a wí ni?

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Ọmọ tó ń ro nǹkan kiri, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, á wẹ̀yìn wò yín. Àmọ́ irú wárápá kan wà tó máa ń jẹ́ kéèyàn dákẹ́, kó tẹjú mọ́ ibì kan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mú kò ní mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kan òun. Kì í ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ: ìpéǹpéjú lè máa ṣẹ́, ẹnu lè máa jẹ lófo, á sì tún máa kàwé lọ níbi tó dúró sí. Ó lè ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n lè ní kó máa mí kíkankíkan níwájú wọn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 3, torí bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ kó yọjú.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣubú lọ́jà, ara rẹ̀ sì gbọ̀n. Àwọn kan ní oòrùn ló mú un dákú, àwọn kan ní wárápá ni.

Gbígbọ̀n nìkan kò tó láti fi mọ̀ ọ́n, torí ẹni tó dákú náà lè gbọ̀n díẹ̀. Ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ òòyì ló kọ́ ọ, tó ń làágùn, tójú rẹ̀ ṣókùnkùn kó tó rọra wó lulẹ̀, tó sì mọ ibi tó wà kíá lẹ́yìn tó jí, ó jọ dídákú. Tó bá jẹ́ pé ó ké, ó gan bí igi, kí tọwọ́tẹsẹ̀ rẹ̀ tó máa jà, tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó jọ wárápá. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ahọ́n rẹ̀ bóyá ó gé e jẹ. Ìtọ̀ tó dà sára kò fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Lẹ́yìn wárápá, èèyàn máa ń sùn, tàbí kó máa sọ ìsọkúsọ fún ìgbà díẹ̀.

Ọwọ́ wo ló kọ́kọ́ gbọ̀n? Ibo ni orí yí sí? Tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, apá òsì ọpọlọ ni dókítà máa kọ́kọ́ fura sí. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, kí ẹnì kan fi fóònù ya fídíò rẹ̀, kí ẹlòmíì máa wo aago. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì sọ ọ́ di alárùn wárápá o.

Ìyá ọkọ mi ní tí wárápá bá mú èèyàn, ká fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ká má sì fọwọ́ kan itọ́ rẹ̀.

Ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ó lè ká eyín rẹ̀. Itọ́ rẹ̀ kì í ràn. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Tó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, tàbí tí òmíràn tún dé kó tó jí, ẹ wá mọ́tò gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kò ṣeé gbé lórí zémíjàn (ọ̀kadà).

Ọmọ ọdún 2 ńkọ́, tí ara rẹ̀ gbóná tí gìrì sì mú un?

Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ibà lè ti wọ ọpọlọ rẹ̀.